Àpò kánfáàsì fún ẹrù kámẹ́rà láìná owó gọbọi: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Iṣẹ́ fọ́tò òde ìnáwó ni mò ń ṣe. Ìbàdàn ni mo fi ṣe ibùjókòó, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kì í gbé mi dé Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ọkọ̀ èrò ni mo sì máa ń wọ̀. Àpò tó wà léjìká mi ti fa ìbéèrè ju fọ́tò tí mò ń yà lọ. N kò tíì pinnu bóyá kí n bínú sí i. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù rèé, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn nígbà tí àyè bá wà.

Kánfáàsì wo lẹ̀ ń sọ? Ṣé kì í ṣe bàtà ni?

Ẹni tó bá lọ sílé ìwé nílẹ̀ yìí, bàtà aláṣọ tí a fi ń sáré lọ́jọ́ eré ìdárayá ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Aṣọ ara bàtà yẹn gan-an ni orúkọ náà ti wá. Aṣọ òwú ni, fọ́nrán kan gba orí, èkejì gba abẹ́, tí wọ́n hun mọ́ra wọn títí tó fi le. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́, òun ni àgọ́ sójà, òun náà sì ni tapólì tí wọ́n máa ń dà bo ẹrù lórí lọ́rì kí tapólì ọ̀rá tó gbòde. Kí òwú tó gbà á, fọ́nrán igi hẹ́ǹpù ni wọ́n ń lò, orúkọ igi yẹn lédè Látìnì, cannabis, ló sì di canvas lẹ́nu àwọn Òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbátan igbó tí ọlọ́pàá ń wá kiri ni.

Kí ló dé tí ẹ kò kàn ra àpò kámẹ́rà dúdú bíi ti gbogbo ayé?

Olè ni ìdí kìíní. Àpò dúdú tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ kámẹ́rà gàdàgbà sí lára, ńṣe ló ń pe gbéwiri wá ní Ọ̀ṣòdì. Tèmi jọ àpò oníṣẹ́ ọwọ́. Agbèrò kan ní Ìwó Róòdù ti bi mí rí bóyá mo lè wá wo páìpù tó ń jò nílé òun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ìbàfò.

Ìdí kejì ni àtúnṣe. Kánfáàsì tó bá ya, ṣúmékà ìkóríta lè lẹ̀ ẹ́ pa. Àpò aláṣọ ọ̀rá yàtọ̀: nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn mọ́ inú rẹ̀ kí omi má baà wọlé, tó bá ti lo ọdún mélòó kan nínú ooru wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á máa bó bí awọ ejò. Kò sí oníṣẹ́ tó lè dá ìyẹn padà.

Kí n má ṣe dà bí ọlọ́jà tó ń yin ọjà rẹ̀: kánfáàsì wúwo, ó ń mu omi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. A máa dé ibẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ kánfáàsì tó dáa lọ́jà?

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n nílùú òkèèrè. Wọ́n á wọn aṣọ tó fẹ̀ ní yáàdì kan lóròó, yáàdì kan níbùú. Iye ọ́ńsì tó bá jẹ́ ni wọ́n á máa pè é. Ọ́ńsì 10 dára fún àpò tí a fi ń ra búrẹ́dì. Láti 12 dé 18 ni kí ẹ wá fún kámẹ́rà. Ọ́ńsì 16 ni tèmi, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 540 tó bá jẹ́ mítà kan lóròó àti níbùú. Tó bá ti kọjá 18, ojú ibi tí aṣọ bá ti ṣẹ́po lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń kán abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lásán bí igi ìṣáná. Ẹ sì ṣọ́ra tí ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà: wọ́n ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń pè é tó ń lọ sẹ́yìn, nọ́ńbà 8 nípọn ju nọ́ńbà 10 lọ.

Àmọ́ ẹ lọ bi ìyá aláṣọ ní Gbági pé ọ́ńsì mélòó ni aṣọ yìí, á wò yín bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ojú, ọwọ́ àti ìṣáná ni kí ẹ lò. Ẹ gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn; tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀ bíi ti ajere, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka méjì gbo ojú kan níbẹ̀ bí ẹni ń fọ ìbọ̀sẹ̀. Tí lẹ́búlẹ́bú funfun bá ń bọ́ lára rẹ̀, tó sì ti rọ̀ níbẹ̀, sítáàṣì ni wọ́n fi mú un le, òjò àkọ́kọ́ ló máa sọ ọ́ di àkísà. Lẹ́yìn náà ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe láàrin ọjà ọlọ́jà. Òwú máa jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì fọ́n dànù. Pọlisítà, ìyẹn fọ́nrán ọ̀rá, máa yọ́, á dì sí kókó dúdú kan tó le. Èyí tí wọ́n pa òwú àti pọlisítà pọ̀ hun kò burú rárá, ó tilẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹnì kan ta ọ̀rá fún mi ní owó òwú.

Báwo ló ṣe yẹ kí àpò náà tóbi tó?

Ẹ kó ẹrù yín sórí tábìlì ná. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní o, ohun tí ẹ máa ń gbé lọ sóde ni. Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe àpẹẹrẹ: kámẹ́rà Canon 5D Mark IV tòun ti bátìrì àti káàdì jẹ́ gíráàmù 890, lẹ́ńsì kúkúrú 24-70 f/2.8 ẹlẹ́ẹ̀kejì (24 sí 70 ni ibi tó lè fa àwòrán sún mọ́ wa dé) jẹ́ 805, lẹ́ńsì gígùn 70-200 f/2.8 ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ 1,490. Fíláàṣì 600EX-RT láìsí bátìrì jẹ́ 425. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì fi ṣájà, omi àti jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n dì fún yín sí i. Àpò kánfáàsì fúnra rẹ̀ lè wọn kílò kan. Èjìká kan ṣoṣo ló máa gbé gbogbo rẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí wọ́n á fi jó tán.

Tí ẹ bá da ojú lẹ́ńsì kámẹ́rà délẹ̀, tí ẹ gbé lẹ́ńsì gígùn nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí fíláàṣì wá tẹ̀ lé e, inú àpò tó gùn ní íǹṣì 14, tó fẹ̀ ní 6, tó sì jìn ní 9 máa gba gbogbo wọn. Inú ni mo wí. Fóòmù ìlàjì íǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ti jẹ íǹṣì kan lọ nínú ìwọ̀n yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, tí àpò á dé tán, tí kámẹ́rà kò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe é tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tó bá ṣẹ́kù, ẹ máa rí nǹkan fi dí i, ẹ̀yìn yín ló sì máa gbọ́ ọ.

Ibo ni àpò olówó pọ́ọ́kú ti máa ń já?

Kì í ṣe ara aṣọ. Ojú ibi tí okùn èjìká ti so mọ́ àpò ni.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti já mi jù sílẹ̀ rí. Àpò kan tó wù mí lójú gan-an ni, aláwọ̀ ilẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bíi wúrà, mo rà á lọ́jà ní owó tó jọ ọ̀fẹ́. Ọ̀sán Sátidé kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mícrà ní Mọ́kọ́lá, mo gbọ́ "tà!" bí ẹni já òwú lẹ́nu. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, àpò ti balẹ̀ lórí etí gọ́tà. Ọ̀rùn lẹ́ńsì 24-70 mi tẹ̀, ó há mọ́ 35, kò lọ, kò bọ̀. Pẹ̀lú lẹ́ńsì tó há yẹn ni mo fi ya ìgbéyàwó náà tán. Owó tí mo fi tún un ṣe lẹ́yìn náà ì bá ra irú àpò yẹn mẹ́rin.

Nígbà tí mo délé, mo tú u wò. Aṣọ kò ya rárá. Òwú tí wọ́n fi so okùn mọ́ ọn ló tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti búláòsì, ìlà kan péré ni wọ́n sì rán an, orí okùn kò ju bí èékánná lọ nínú àpò.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wò rèé. Okùn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àpò sọ̀ kalẹ̀, kó kọjá lábẹ́ ìdí rẹ̀, kó tún gun ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kí àpò jókòó lé okùn bí ọmọ ṣe ń jókòó lé ọ̀já. Ẹrù á wá wà lórí okùn, kò ní wà lórí òwú. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ ara àpò gbọ́dọ̀ ní igun mẹ́rin, kí wọ́n sì fa ìlà méjì kọjá láàrin rẹ̀ bí àmì ìṣírò tí wọ́n fi ń sọ pé "ọ̀nà". Òwú náílọ́ǹ tí ṣúmékà ń lò ni, kì í ṣe òwú télọ̀. Tí òrùka irin bá wà, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n jó ojú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ là, ọjọ́ kan ló máa yà.

Okùn náà ńkọ́? Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni tèmi, láti Ládípọ̀. Ó fẹ̀ tó íǹṣì méjì ó dín díẹ̀, kì í gé èjìká, ó sì ń yọ̀ lórí aṣọ débi pé mo lè yí àpò láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú láìfa agbádá. Ohun tí wọ́n ṣe láti mú odindi èèyàn dúró nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kílò márùn-ún kì í ṣe nǹkankan lójú rẹ̀. Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ti ń hó létí, ẹ fi sílẹ̀.

Fóòmù wo ni kí n fi sínú rẹ̀?

Ẹ má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì tàbí ti àga. Ó ń mu omi bíi kànìnkànìn, kì í pẹ́ pẹlẹbẹ, tó bá sì ti gbó, á máa rún sí ìyẹ̀fun tó máa wọ lẹ́ńsì yín. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ wá, èyí tí wọ́n ń pè ní EVA. Ihò inú rẹ̀ kò ṣí sí ara wọn, nítorí náà omi kò ráyè wọlé, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, á padà sípò. Ibi tó ti rọrùn jù láti rí i ni ẹní ọmọdé alábála tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n kọ A, B, D sí. Òun ni mo lò. Tí ẹ bá tú aṣọ inú àpò mi, ẹ máa bá lẹ́tà H tó pupa rokoso lábẹ́ kámẹ́rà.

Èyí tó nípọn tó mìlímítà 10 tó fún ẹ̀gbẹ́. Ìdí àpò ni kí ẹ ṣe ní ìlọ́po méjì, kí ẹ tẹ́ páláńkì tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ ti dán sábẹ́ rẹ̀, kí ìdí má baà wọ̀ bí ikùn ìbẹ́pẹ. Tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí àpò náà sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán, títí òórùn á fi tán pátápátá, kí lẹ́ńsì tó wọ ibẹ̀.

Fún aṣọ tí ẹ máa fi bo fóòmù, àǹkárá àtijọ́ dára. Adìrẹ náà lẹ́wà, àmọ́ tó bá ṣì ń yọ aró, kámẹ́rà yín náà á di adìrẹ.

Télọ̀ àdúgbò mi kò rán irú rẹ̀ rí. Ṣé ó lè rán an?

Tó bá jẹ́ búbà àti ìró ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fìyà jẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, àwọn tó ń rán àpò ilé ìwé, tàbí àwọn tó ń rán àtíbàbà. Ẹ̀rọ wọn lágbára, òwú tó yẹ sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má gbé kámẹ́rà lọ bá wọn. Ẹ gé páálí Indomie sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bí àpótí, kí ẹ gbé e fún un pé kí ó rán àpò tí èyí máa wọ̀. Ìwọ̀n tí a bá fi ẹnu sọ, àṣìsọ àti àṣìgbọ́ ń bẹ níbẹ̀; páálí kì í purọ́.

Kí ẹ tó gbé aṣọ lọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ sá a gbẹ. Kánfáàsì òwú tí kò tíì rí omi rí máa ń sún kì, àpò tó wọ kámẹ́rà wẹ́kú lónìí lè máà gbà á mọ́ lẹ́yìn òjò kan. Fún ìwọ̀n tí mo sọ lókè, yáàdì kan ààbọ̀ aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 60 á tó, á sì tún ṣẹ́kù fún àpò kéékèèké tí ẹ máa fi káàdì àti bátìrì sí. Ẹ san ìdajì owó. Tó bá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ máa ka Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Síìpù àbí ìbòrí?

Méjèèjì, tí apá bá ká a. Ìbòrí gígùn tó wá síwájú máa ń lé òjò, síìpù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń lé ọwọ́ ọlọ́wọ́-gígùn nínú dánfó. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pe síìpù ni ìbú eyín rẹ̀ ní mìlímítà nígbà tó bá wà ní pípadé: ẹ béèrè nọ́ńbà 8 tàbí 10, ẹ má gba 5 fún ẹnu àpò ńlá. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá mú kó máa há, ẹ fi àbẹ́là pa eyín rẹ̀ lọ bọ̀.

Àlẹ̀mọ́ onírun tó máa ń dún "ṣàrààà" yẹn, n kò fẹ́ ẹ lẹ́nu àpò mi. Ẹni tó bá ti ṣí i rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́ mọ ojú tí àwọn ìyá ìjọ fi wò ó.

Tí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀nà ńkọ́?

Òwú tó bá mu omi máa ń wú, fọ́nrán á fún mọ́ra, ihò á dí. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àgọ́ kánfáàsì tètè jò. Àmọ́ ojú abẹ́rẹ́ àti ẹnu síìpù ni omi ń gbà wọlé, òjò Èkó kò sì ní dúró kí òwú yín wú tán. Ẹ ká láílọ́ọ̀nù ńlá kan, irú èyí tí a fi ń da ilẹ̀ nù, sí àpò ẹ̀gbẹ́. Kò wọ́n, kò wúwo, ó sì ti gba kámẹ́rà mi là ju ohunkóhun lọ.

Àwọn kan máa ń fi ìda pa kánfáàsì, ó sì dáa, omi á máa yí bọ́ lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń yí lórí ewé kókò. Ẹ wá ìda oyin, ẹ wá àbẹ́là, ẹ rẹ́ méjèèjì wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, kí ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi tó ń hó. Ẹ má gbé e lé iná ní tààrà; ìda tó bá gbaná, ẹ̀yin àti ilé ìdáná ni. Nígbà tó bá yọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kíákíá sí ìta àpò nìkan, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ tí onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí á fi wọ inú aṣọ. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣú díẹ̀, ibi tó bá ti ṣẹ́ á sì máa hàn bí ilà.

Àwọn Òyìnbó máa ń pa ìda oyin àti ìda àbẹ́là pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Nínú oòrùn tiwa, ẹ jẹ́ kí ìda oyin pọ̀ jù. Ó tó ìwọ̀n ooru 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Àbẹ́là kì í fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo ti gbé àpò tí mo fi àbẹ́là pa jáde nínú ọkọ̀ tó ti sá sóòrùn láti àárọ̀, mo wá fara kan ìyá ìyàwó. Léèsì funfun ni mọ́mì wọ̀. Ẹ máà jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Ṣé mo lè máa fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò náà nílé?

Ẹ má ṣe é. Kánfáàsì ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pàápàá, kó tó di pé òjò rọ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ń hù nínú lẹ́ńsì, tó máa ń ta bí irun orí àgbàdo, ọ̀rinrin tó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ló ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ Èkó nígbà òjò sábà máa ń kọjá 80. Tó bá ti jẹ ojú lẹ́ńsì, kò sí ohun tí ẹ máa fi nù ún tí á lọ láìfi àpá sílẹ̀.

Ike oúnjẹ ńlá tí ìdérí rẹ̀ ń há gádígádí ni ilé kámẹ́rà. Ẹ kó silica gel sínú rẹ̀, àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké inú páálí bàtà tuntun tí wọ́n kọ pé kí ẹ má jẹ. Ìwọ̀n ọ̀rinrin 40 sí 50 ni ẹ ń wá. Ẹ má lo ìrẹsì. Ìyẹ̀fun rẹ̀ nìkan tó bàjẹ́. Ní ti àpò, ẹ tú gbogbo inú rẹ̀ síta tí ẹ bá ti òde dé, kí ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Àwọ̀ wo ló dáa?

Àwọ̀ ilẹ̀, eérú, tàbí ewé tó ṣú. Ẹ má rán aláwọ̀ sójà tó ní tótòtó, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ máa ṣàlàyé títí lójú ọ̀nà, wọn kò sì ní gbọ́. Inú rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀, bí àwọ̀ ọsàn tàbí funfun. Ìdérí lẹ́ńsì dúdú nínú àpò dúdú nínú gbọ̀ngán tí wọ́n paná rẹ̀ kí ọkọ àti ìyàwó lè jó, ó dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní London fẹ́ ra tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èwo ni kí n ní kó wò?

Orúkọ méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Billingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, àpò àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ni wọ́n ń rán. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ọdún 1970 parí ni wọ́n gbọ́ pé àwọn oníkámẹ́rà ní New York ti ń fi àpò ẹja náà kó lẹ́ńsì. Rọ́bà ni wọ́n fi sáàárín aṣọ méjì, nítorí náà omi kì í kọjá. Tuntun rẹ̀ kò sí lára ohun tí à ń pè ní pọ́ọ́kú, àmọ́ tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún.

Èkejì ni Domke. Jim Domke, tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn Philadelphia Inquirer ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nítorí pé àpò líle tó wà nígbà náà kò jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe. Kánfáàsì òwú lásán ni, fóòmù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara bí àpò ọdẹ. Èyí ni ọkàn mi fà sí jù, nítorí pé aránṣọ tó bá gbé e sọ́wọ́ fún wákàtí kan lè rí bí wọ́n ṣe rán an.

Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín gbóòórùn inú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Àpò tó bá ti bu nínú àjà ilé, òórùn yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ṣé mo lè wá a ní òkìríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lọ sí Kàtàngówà ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ń tú bélì, ẹ má wá àpò kámẹ́rà, àpò ọmọ ilé ìwé tàbí àpò irinṣẹ́ tó jẹ́ kánfáàsì ni kí ẹ wá. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára fa okùn sókè. Tó bá dún, ẹ gbé e sílẹ̀. Fóòmù àti ìpààlà inú rẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é.

Èló ló yẹ kí n ná?

Bí owó ọjà ṣe ń yí lójoojúmọ́, iye tí mo bá kọ síbí lónìí á ti di ìtàn kó tó di ọjọ́ ìsinmi. Mo máa ń pín in báyìí: tí ẹ bá ní náírà mẹ́wàá fún àpò, ẹ fi mẹ́rin sí okùn, òrùka irin àti ìránṣọ, mẹ́ta sí aṣọ, méjì sí fóòmù, ọ̀kan tó kù fún síìpù. Ẹni tó ń ta àpò lọ́jà, òdìkejì ló ń ṣe: aṣọ àti bọ́tìnnì tó ń dán ló ń gbé owó rẹ̀ lé, nítorí pé òun lojú ń rí.

Tí mo bá fẹ́ wọ bàálù ńkọ́?

Bátìrì lítíọ́mù tó bá dá wà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín nínú bàálù, kì í ṣe nínú ẹrù tí ẹ bá fún wọn. Ẹ fi téèpù bo orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù kì í fẹ́ kí ẹrù ọwọ́ kọjá kílò méje, ẹ sì rántí pé àpò yín ti jẹ kílò kan.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku rẹ̀, ibi tó bá dọ̀tí ni kí ẹ fi kànìnkànìn àti omi tútù nù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ á sún un kì, á sì ba ojú abẹ́rẹ́ jẹ́. Èyí tí ẹ bá ti fi ìda pa, omi gbígbóná á tú gbogbo ìda náà dànù. Tí ọbẹ̀ bá dà sí i, ẹ da ìyẹ̀fun lé e kó fa epo náà mu, kí ẹ sì fara mọ́ àbàwọ́n tó bá kù. Tèmi ní ti ẹ̀fọ́ rírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn gbéwiri.

Ṣé ẹ máa ń ta àpò náà?

Rárá o. Kámẹ́rà ni iṣẹ́ mi. Àmọ́ tí ẹ bá rí mi lóde ìnáwó, ẹ wá tú u wò, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ fún aránṣọ yín. Kó ṣáà má jẹ́ àsìkò tí wọ́n bá ń gé kéèkì.